Àga Onípankẹ́rẹ́ Tí Àwọn Bàbá Wa Fi Sílẹ̀

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àga ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ṣé àga náà ní ìtàn ni?" Ó ní. Ohun tí a ń jókòó lé lójoojúmọ́ lè ti rin ìrìn àjò ju ẹni tó jókòó lé e lọ.

Bàbá mi ní àga méjì tó jọra bí ìbejì. Igi wọn dúdú, ó sì wúwo. Wọ́n gbẹ́ òdòdó àti ewé sí òkè ẹ̀yìn wọn. Ibi ìjókòó wọn kì í ṣe pákó, kì í ṣe tìmùtìmù. Pankẹ́rẹ́ tí a hun ni, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Ọwọ́ ìdílé Agudà kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni bàbá mi ti rà wọ́n nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kò gbọdọ̀ jókòó lé wọn. Àlejò pàtàkì nìkan ni wọ́n wà fún.

Nígbà tí bàbá wa kú, pankẹ́rẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti já. Mo mú pákó pẹlẹbẹ kan, mo mú ìṣó mẹ́jọ, mo kàn án mọ́ ọn lórí. Mo rò pé mo tún un ṣe ni. Kò pẹ́ tí igi tó yí ìjókòó náà ká fi là níbi ìṣó méjì. Ní ọdún kejì, oníṣòwò kan wá sí abúlé wa, ó ń ra nǹkan àtijọ́: ìkòkò, ère, ilẹ̀kùn, àga. Ó wo àga méjèèjì. Ó dojú wọn dé, ó fi èékánná ha igi wọn. Ó mú èyí tó dára, ó fún èmi àti àbúrò mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fúráǹkì. Ó ní kí a máa fi èyí tí mo kan ìṣó mọ́ dáná. Inú wa dùn. Owó náà kò lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé àga tó kù lọ sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà àgbàlagbà kan. Bàbá náà wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló kan ìṣó yìí?" Mo ní, "Bàbá, èmi ni, ẹ má bínú." Ó mi orí. Ó ní, "Ìṣó rẹ ló ba àga yìí jẹ́, ìṣó rẹ náà ló gbà á sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìṣó, òun náà ì bá ti bá ẹnìkejì rẹ̀ lọ."

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìtàn àga wọ̀nyí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síbí, kí ó má baà ṣe yín bí ó ti ṣe mí.

Kí ni pankẹ́rẹ́?

Pankẹ́rẹ́ jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í dá dúró bí ọ̀pẹ. Ó ń fà bí okùn, ó ń gun igi ńlá nínú igbó lọ sókè láti wá oòrùn. Ẹ̀gún wà lára èèpo rẹ̀. Ẹni tó bá gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó èèpo ẹlẹ́gùn-ún náà kúrò. Àwọn kan rò pé ọ̀kan náà ni òun àti ọparun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọparun ní ihò nínú, ṣùgbọ́n inú pankẹ́rẹ́ kún, kò ní ihò. Ara rẹ̀ sì rọ̀ débi tí a lè tẹ̀ ẹ́ bí a ti fẹ́, kò ní dá.

Pankẹ́rẹ́ wà nínú igbó tiwa náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn èèyàn wa ń fi í hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe odidi àga. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ máa ń fi í na ọmọ iléèwé. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí iléèwé nígbà náà kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n èyí tí òyìnbó fi ń hun ìjókòó àga tí mo ń sọ yìí, láti ilẹ̀ Éṣíà ló ti ń wá, láti igbó Indonéṣíà àti Malẹ́ṣíà. Wọ́n á bó awọ rẹ̀ tó ń dán, wọ́n á là á sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Okùn yìí ni wọ́n ń hun sí ìjókòó. Inú rẹ̀ tó kù, wọ́n ń fi í hun apẹ̀rẹ̀ àti irú àga mìíràn.

Nítorí náà, oríṣi méjì ni àga pankẹ́rẹ́. Èkíní ni èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ pankẹ́rẹ́, bí èyí tí a ń rí lẹ́bàá ọ̀nà. Èkejì ni èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ igi tí a gbẹ́ ọnà sí, tó jẹ́ pé ibi ìjókòó tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni a fi pankẹ́rẹ́ hun. Èkejì yìí ni ìtàn wa dá lé.

Bí ó ṣe dé ilẹ̀ òyìnbó

Ní ọdún 1498, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, tí Vasco da Gama ṣáájú, yí ilẹ̀ Áfíríkà ká, ó sì dé ilẹ̀ Íńdíà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òyìnbó mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1600, àwọn ará Họ́láǹdì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1602. Ata àti aṣọ ni wọ́n ń wá kiri, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó pankẹ́rẹ́ náà bọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àga onípankẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1660, nígbà tí ọba Charles Kejì padà sórí ìtẹ́. Ní ọdún 1666, iná ńlá kan jó ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tó jóná lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Àwọn tó tún ilé kọ́ nílò ohun èlò inú ilé, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Àga onípankẹ́rẹ́ fúyẹ́, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àga aláṣọ. Ní àsìkò yẹn, ẹ̀yìn àga náà ga. Wọ́n máa ń gbẹ́ ọmọdé méjì tó gbé adé dání sí òkè rẹ̀, nítorí pé adé ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí ọjà ẹnìkan bá ń tà, inú ẹlòmíràn lè máa bàjẹ́. Àwọn tó ń ta aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n fi ń bo àga rí i pé ọjà àwọn ń kú. Ní àárín ọdún 1680 sí 1689, wọ́n kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n dá àga onípankẹ́rẹ́ dúró. Àwọn tó ń ṣe é náà fèsì. Wọ́n ní àga àwọn máa ń pẹ́, ó fúyẹ́, kì í gba eruku sára, kòkòrò tí ń jẹ aṣọ kì í sì í wọ inú rẹ̀. Ìjọba kò dá wọn dúró. Wọ́n tilẹ̀ ń kó àga wọn lọ tà ní àwọn ilẹ̀ tí ooru ti mú.

Bí ó ṣe dé Bìràsíìlì, àti ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ

Àwọn Potogí náà mọ àǹfààní pankẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e dé Bìràsíìlì tó wà lábẹ́ wọn. Ooru mú níbẹ̀ bí ó ti mú níbí. Ẹni tó bá jókòó lórí awọ tàbí aṣọ tó nípọn, kò ní pẹ́ tí òógùn á fi bò ó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò pankẹ́rẹ́ kọjá, ara á sì tù ú. Nítorí èyí, láti bí 1700 títí wọ 1900, àga onípankẹ́rẹ́ wọ́pọ̀ nínú ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ní Bìràsíìlì. Igi jacaranda ni wọ́n sábà máa ń lò. Igi náà le, ó dúdú, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára, òórùn rẹ̀ sì ń dùn bí a bá là á.

Wàyí o, ta ló gbẹ́ àga wọ̀nyí? Ibí ni ìtàn náà ti kàn wá. Ní àwọn ìlú ńlá Bìràsíìlì, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti bọ́ lóko ẹrú ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́: iṣẹ́ mọlémọlé, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú tó wà ní Bàhíà ní àsìkò 1800 sí 1850 jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, bí wọ́n ti ń pè wá níhìn-ín. Títí di òní, ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀ka ìsìn òrìṣà ní Bàhíà ń jẹ́ Kétu. Ẹ ò rí i pé wọ́n kò gbàgbé ilé.

Àwọn èèyàn wa kò dé Bàhíà láìní ìmọ̀ kankan nípa iṣẹ́ igi. Kí òyìnbó tó kó wọn lọ ni àwọn Yorùbá ti ń gbẹ́ ère, ilẹ̀kùn, òpó ààfin àti ìlù. Ní agbègbè wa, láti Kétu dé apá ibòmíràn, iṣẹ́ igbá orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbajúmọ̀ débi pé ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Àwọn ẹrú kan wà nínú ìlú tí olówó wọn ń rán jáde lọ ṣiṣẹ́ gba owó. Wọ́n á mú iye tó bá dá lé wọn lọ fún olówó, wọ́n á sì tọ́jú ìyókù díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wà nínú wọn, àga tó gbẹ́ lè jẹ́ ara owó òmìnira rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹrú kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ olówó tó jókòó lórí àga ni a kọ sínú ìwé. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, tó fi ọwọ́ rẹ̀ hun pankẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ti nù.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ní Bàhíà láti já ara wọn gbà. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò ní ìlú. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ti gba òmìnira túbọ̀ ń padà bọ̀ wá sí etí òkun wa. Wọ́n dé Ẹ̀kó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Wọ́n ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún 1888 tí Bìràsíìlì fi òpin sí oko ẹrú. Àwọn àti ọmọ wọn ni a ń pè ní Agudà.

Òtítọ́ ni ìtàn ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán. Kì í ṣe gbogbo Agudà ló jẹ́ ẹrú tó padà wálé. Àwọn kan jẹ́ oníṣòwò láti Bìràsíìlì, òwò ẹrú gan-an ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Francisco Félix de Souza, tí wọ́n ń pè ní Chacha ní Ouidah, tó kú ní 1849. Nítorí náà, àga àtijọ́ kan lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n tà, òmíràn sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi owó èèyàn rà. Ìgbà mìíràn wà tí méjèèjì á pàdé lára àga kan ṣoṣo.

Àwọn tó padà wálé kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀. Mọlémọlé wà nínú wọn, aránṣọ wà, gbẹ́nàgbẹ́nà wà. Wọ́n kọ́ ilé alájà tó ní fèrèsé gíga àti ọnà lára ògiri. Ẹni tó bá dé Àjàṣẹ́ á rí mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ tí a kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àga onípankẹ́rẹ́ ti rí àyè. Àwọn kan bá ọkọ̀ ojú omi wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì lè fi igi tiwa gbẹ́ irú rẹ̀ níhìn-ín. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tí a fi ìrókò ṣe, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ pé kò ti òkè òkun wá. Òun náà ní ìtàn tirẹ̀.

Àga tí a kò gbẹ́, tí a tẹ̀

Kí n tó sọ bí a ṣe ń yan àga, ó yẹ kí ẹ mọ irú kan tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Michael Thonet, tí a bí ní ilẹ̀ Jámánì ní 1796. Ó ń fi ooru omi gbígbóná mú igi rọ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ọrun. Ní 1859, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Vienna gbé àga kan jáde tí wọ́n pè ní nọ́ńbà 14. Igi mẹ́fà, ìṣó onílọ̀ọ́ mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì péré ni gbogbo rẹ̀. Pankẹ́rẹ́ ni ìjókòó rẹ̀. Bí a bá tú u palẹ̀, àga 36 lè wọ inú àpótí kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Títí di 1930, wọ́n ti ta nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù rẹ̀.

Àga yìí dára, ó fúyẹ́, ó sì ti gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti ooru ló ṣe é, kì í ṣe irin ìgbẹ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín lówó àga tí a fi ọwọ́ gbẹ́, ẹ wo ara igi rẹ̀. Igi yíyípo tó tẹ̀ kọrọdọ láìní oríkèé ni ẹ ó rí.

Bí a ṣe ń yan àga àtijọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ irú àga yìí nínú ilé wọn nísinsìnyí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú nìkan rà á. Àwọn ohun tí bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà náà fi hàn mí nìwọ̀nyí:

Èkíní, ẹ dojú àga náà dé. Ẹ̀yìn àga a máa purọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kì í purọ́. Lára àga tí a fi ọwọ́ ṣe, ẹ ó rí ojú irin, kò ní dọ́gba. Níbi tí igi méjì ti pàdé, ahọ́n igi kan ló wọ inú ihò igi kejì, wọ́n sì lè ti fi èèkàn igi há a. Bí ẹ bá rí ìṣó tuntun níbẹ̀, a ti tún un ṣe ni, tàbí kí ó má tilẹ̀ gbó.

Èkejì, ẹ wo ọnà rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe ohun méjì kó dọ́gba pátápátá. Òdòdó apá ọ̀tún á yàtọ̀ díẹ̀ sí ti apá òsì. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, tí ọnà náà kò sì jinlẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí pankẹ́rẹ́ ti wọ igi. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni a fi hun ún, ẹ ó rí ihò kéékèèké tí a lu yí ìjókòó ká, okùn pankẹ́rẹ́ á sì gba inú ihò kọ̀ọ̀kan kọjá. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hun pankẹ́rẹ́ bí aṣọ. Irú èyí ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ inú ihò gígùn kan tó yí ìjókòó ká, tí wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Èyí kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí owó rẹ̀ tó ti èyí tí a fi ọwọ́ hun.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pankẹ́rẹ́ náà jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó ti gbẹ jù. Bí okùn kan bá ti já, ẹ mọ̀ pé àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá kòkòrò. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ẹ gbé àga lé e, ẹ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí ìyẹ̀fun igi bá dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, á sì ran àwọn igi mìíràn nínú ilé yín. Ihò àtijọ́ dúdú nínú, kì í da ìyẹ̀fun. Ìyẹn kò léwu.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jókòó, kí ẹ mi ara yín. Bí oríkèé igi bá ń mì, gọ́ọ̀mù lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí igi tó yí ìjókòó ká bá ti là láti ihò dé ihò, iṣẹ́ ńlá ni. Irú rẹ̀ gan-an ni mo fi ìṣó mi fà.

Èkeje, ẹ wo ibi tí ó ti jẹ. Àga tó gbó lóòótọ́ á jẹ níbi tí ọwọ́ ń sinmi lé, àti lára igi ìsàlẹ̀ níwájú tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí ó bá jẹ níbi tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kì í dé, ẹnìkan ló fi nǹkan ha á kí ó lè dà bí ti àtijọ́.

Ẹ̀kẹjọ, kí ẹ tó dá owó lé e, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹni tó ń hun pankẹ́rẹ́ á gbà. Iṣẹ́ náà lè ná yín ju owó àga lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àga méjì tó bára mu níye lórí ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Èyí ni oníṣòwò mọ̀, tí àwa kò mọ̀. Nígbà tí a ta ọ̀kan, a ti ba èkejì jẹ́.

Ó tún ku ohun kan. Láti ọdún 1992, òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ti ká òwò igi jacaranda ti Bìràsíìlì lọ́wọ́ kò, nítorí pé igi náà fẹ́ run. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àga jacaranda kọjá ẹnu ibodè, ì báà ṣe ti àtijọ́, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Bí àlejò bá ní kí ẹ yára tà á fún òun ní òru, ẹ bi í léèrè ìwé.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ má ṣe gbé àga yìí sínú oòrùn, pankẹ́rẹ́ á gbẹ, á sì já. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró lé e lórí. Bí ìjókòó bá ti rọ̀ wálẹ̀ tí kò sì tíì já, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu abẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ ní ibòji láìjókòó lé e. Á tún le. Ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa igi rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bí ilẹ̀ yàrá bá tutù, ẹ fi nǹkan sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ikán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ ọn.

Ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀

Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà yọ ìṣó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó lẹ igi tó là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Mo jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ na okùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó na òmíràn láti ọ̀tún dé òsì. Ó tún na ti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló wá hun ti ọ̀tún sí òsì wọ inú wọn, ó ń gba abẹ́ ọ̀kan, ó ń gba orí òmíràn. Ó fi okùn méjì dábùú wọn, ọ̀kan láti igun yìí, èkejì láti igun kejì. Ìgbà náà ni ihò onígun mẹ́jọ yọ jáde. Ní ìparí, ó fi okùn fífẹ̀ kan bo etí rẹ̀ yíká. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Owó tó gbà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí a ta àga kejì lọ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé àga náà délé, mo mú bébà kan. Mo kọ orúkọ bàbá mi sí i, ìlú tí ó ti rà á, irú ìdílé tó tà á fún un, orúkọ ẹni tó tún un hun àti ọdún tó hun ún. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú pé ó ní ìkejì tí àwa ọmọ tà. Mo fi ọ̀rá wé bébà náà, mo so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àga kejì ti lọ. Bóyá ó wà nínú ilé ńlá kan nísinsìnyí, tí wọ́n ń nù ún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò mọ orúkọ bàbá mi, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi náà kò ti mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìgbà méjì ni a ti sọ orúkọ nù lára àga kan náà. Èyí àkọ́kọ́, agbára ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Èkejì, àwa fúnra wa la tà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ padà sílé lónìí, kí ẹ wo ohun àtijọ́ tó wà nínú yàrá àwọn òbí yín. Bí àgbà bá ṣì wà láàyè, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: Ta ló rà á? Lọ́wọ́ ta ni? Ní ọdún wo? Lẹ́yìn náà, ẹ mú gègé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì wá fẹ́ tà á, ẹ̀yin lẹ ni ín, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń tà. Nítorí irú iṣẹ́ báyìí ni a ṣe ń kọ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ.